Bí Béárì Ṣe Wọ Inú Òwe Ìdí-Ọ̀gànwó

Òwe kan wà tí àwọn ará Ìdí-Ọ̀gànwó máa ń pa, tó máa ń ṣe àlejò ní kàyéfì. Wọ́n á ní, "Béárì ì báà tóbi bí ilé, ọ̀dọ̀ àkèré la ó ti pọnmi." Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ yóò mọ àkèré, yóò sì mọ ohun tí à ń pè ní omi pípọn, ṣùgbọ́n béárì ni kò ní yé e. Kò sí béárì nínú igbó wa. Kò sí ọdẹ wa tó pàdé rẹ̀ rí, a kò ní oríkì rẹ̀, a kò sì gbọ́ pé ìdílé kan wà tó kà á léèwọ̀. Àwọn onígbàgbọ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ nínú Bíbélì, ó parí síbẹ̀. Báwo ni irú ẹranko bẹ́ẹ̀ ṣe wá dé ẹnu àwọn àgbà abúlé kan, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rìn kọjá ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún rí?

Ẹnì kan ló gbé e wálé. Ọ̀jẹ́wùmí ni orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n Sójà ni gbogbo abúlé ń pè é. Ó ti gbéyàwó, ó ti bímọ kan, kí ó tó bá wọn lọ sí ogun Bọ́mà. Ọdún mẹ́rin gbáko ni kò fi sí ẹni tó gbúròó rẹ̀. Àwọn ẹbí ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún Àṣàbí ìyàwó rẹ̀ pé kó má fi ìgbà èwe ṣòfò, kó máa wo ọ̀dọ̀ àbúrò ọkọ rẹ̀. Àṣàbí kọ̀ jálẹ̀. Lọ́jọ́ kan ni ọkọ̀ akẹ́rù dúró lójú títì, tí Ọ̀jẹ́wùmí sọ̀ kalẹ̀, tòun ti àpótí onígi kan.

Nígbà tí wọ́n dì mọ́ ọn tán, tí wọ́n sunkún ayọ̀ tán, wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ Baálẹ̀ lábẹ́ igi ọ̀gànwó tí a fi sọ abúlé náà lórúkọ. Ibẹ̀ ló ti ṣí àpótí, tó fa awọ ẹranko kan jáde, tó sì tẹ́ ẹ sílẹ̀.

Awọ náà dúdú bí ìdí ìkòkò. Irun rẹ̀ gùn, ó sì ki, àmì funfun kan wà láyà rẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Èékánná rẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó ọmọ ìka. Àgbàlagbà méjì lè sùn lórí rẹ̀ kí ara wọn má kan ilẹ̀.

"Kí lèyí?" ni Baálẹ̀ bi í.

"Béárì ni wọ́n ń pè é, Bàbá. Bó bá fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì nàró, ó ga jù mí lọ."

"Ta ló pa á?"

Ọ̀jẹ́wùmí wò yí ká. Gbogbo ojú ló ń wò ó, ti Àṣàbí náà sì wà níbẹ̀.

"Èmi ni," ló wí.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ló yí ayé rẹ̀ padà. Wọ́n ní kó ròyìn rẹ̀, ó sì ròyìn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìbọn ló fi pa á. Kí iṣu tuntun tó jáde, ìbọn ti há mọ́ ọn lọ́wọ́, ọ̀bẹ ló fi parí rẹ̀. Nígbà tí ọdún máa fi yípo, béárì náà ti gbé e ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó rí i mú. Baálẹ̀ fún un ní àyè ìjókòó lápá ọ̀tún rẹ̀. Kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ dáwọ́ lé tí wọn kì í ní, "Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti Sójà ná." Ká sì má purọ́ mọ́ ọn, kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó kọ́ wọn láti gbẹ́ ṣáláńgá, ó máa ń ka lẹ́tà fún ẹni tí kò mọ̀wé, bí iṣẹ́ ìlú bá sì dé, kì í fà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ó ti di ẹni tí kò lè sọ pé òun kò mọ nǹkan.

Opó kan wà lábúlé náà tí ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Kọ̀ǹkọ̀ ló ń pa, ìyẹn àkèré ńlá inú àbàtà. Á yan án lórí iná, á sì fi igi gún un ní mẹ́fà-mẹ́fà lọ sọ́jà. Àwọn kan ń jẹ ẹ́, àwọn mìíràn ń yínmú sí i, Àwẹ̀ró kò ka ọ̀kankan sí. Àmọ́ oríṣi àkèré kan wà tí kì í fọwọ́ kàn. Èyí kéré púpọ̀, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, àwọ̀ ewé ló ní. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, ohùn rẹ̀ a máa dún bí ìgbà tí ènìyàn ń fi abẹ́rẹ́ kan etí àwo. Tíńrín ni wọ́n ń pè é.

Lọ́jọ́ kan, àwọn àlejò ń wo awọ béárì lábẹ́ ọ̀gànwó, Àwẹ̀ró sì ń ti odò bọ̀ pẹ̀lú agbọ̀n rẹ̀ lórí. Ó dúró láti kí wọn. Tíńrín kan tó ti lẹ̀ mọ́ ewé tó fi bo agbọ̀n náà fò bọ́ sílẹ̀, àárín awọ náà gan-an ló bọ́ sí. Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Ọ̀jẹ́wùmí náà rẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ wo ẹran Ìyá Àwẹ̀ró lórí ẹran tèmi," ló wí. "Bí a bá kó gbogbo irú èyí tó wà nínú odò wa jọ, wọn ò lè wúwo tó ẹsẹ̀ béárì kan. Èékánná rẹ̀ nìkan, ẹ wò ó, ó gùn jù ú lọ lọ́nà mẹ́ta. Ọlọ́run tó dá èyí ló tún dá ìyẹn?"

Àwẹ̀ró sọ agbọ̀n kalẹ̀, ó rọra fi ọwọ́ bu tíńrín náà.

"Òótọ́ lo sọ, Sójà. Kò tóbi."

"Ẹ̀yin náà kì í sì í pa á jẹ, Ìyá. Kí ló wá wúlò fún?"

"Kì í gbé ibi tí kò sómi," ni Àwẹ̀ró wí. Ó gbé agbọ̀n rẹ̀, ó lọ. Kò sẹ́ni tó kà á sí èsì.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ọ̀dá mú. Òjò kan rọ̀ lẹ́yìn ọdún egúngún, lẹ́yìn rẹ̀ kò sí mìíràn. Àgbàdo gbẹ ní ìdúró. Odò abúlé náà kọ́kọ́ di ẹrọ̀fọ̀, nígbà tó yá ilẹ̀ rẹ̀ sán bí àtẹ́lẹsẹ̀ arúgbó. Kọ̀ǹkọ̀ tán pátápátá, Àwẹ̀ró kò rí ohun tó máa gbé lọ sọ́jà. Odò Ìrésà nìkan ló kù tí wọ́n lè dé, ọ̀nà rẹ̀ sì jìn. Bí àwọn obìnrin bá kúrò nílé ní àkùkọ ìdájí, oòrùn á ti kàn wọ́n lórí kí wọ́n tó padà, ìdajì ohun tí wọ́n pọn á sì ti dà sọ́nà. Àwọn àgbà méjì kú lọ́sẹ̀ kan. Ọmọ ọmọ Baálẹ̀ tí inú ń ṣe kò rí omi mu tó, òun náà kú. Agboolé mẹ́ta di ẹrù wọn, wọ́n kọjá sí ọ̀dọ̀ àwọn àna wọn níbòmíràn.

Baálẹ̀ pe ìpàdé sábẹ́ ọ̀gànwó. Ohùn rẹ̀ kò lókè.

"Nínú méjì, ká yan ọ̀kan," ló wí. "Ká gbẹ́ kànga, tàbí ká fi Ìdí-Ọ̀gànwó sílẹ̀. Bí oṣù tuntun bá lé tí a kò tíì rí omi, èmi fúnra mi ni n ó kọ́kọ́ dìde. Sójà, kí lo rí sí i?"

Ọ̀jẹ́wùmí ní òun rí bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ kànga lójú ogun. Ó ní ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé òun, lẹ́bàá títì, ló dára, nítorí pé ó tẹ́jú, kò ní òkúta, iṣẹ́ á sì yá níbẹ̀.

Àwẹ̀ró tọrọ ọ̀rọ̀ sọ láàárín àwọn obìnrin.

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án rèé tí mo ti ń gbọ́ tíńrín lẹ́sẹ̀ àpáta, lápá ìsàlẹ̀ oko ọkọ mi," ló wí. "Wọn kò sí lódò mọ́. Gbogbo wọn ti wọ́ lọ síbẹ̀. Ewé ibẹ̀ ṣì tutù lábẹ́. Bí ó bá jẹ́ tèmi, ibẹ̀ la ó gbẹ́."

"Ìyá, òkúta ni gbogbo ibẹ̀," ni Ọ̀jẹ́wùmí wí. "Àá ba dígà jẹ́ lásán."

"Òkúta ni lóòótọ́. Omi wà lábẹ́ rẹ̀."

Àwọn ọkùnrin ń wo Ọ̀jẹ́wùmí. Ó mọ̀ pé wọ́n ń dúró de ohun tí òun yóò sọ, ohun tó sì wá sí i lẹ́nu nìyí: "Ẹni tó dojú kọ béárì, àkèré kọ́ ni yóò júwe ọ̀nà fún un."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀fun wọn gbẹ. Baálẹ̀ gba ti Sójà, ìpàdé sì tú.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Wọ́n kó iyanrìn, wọ́n kó amọ̀ pupa, wọ́n tún kan yangí. Bí wọ́n ti ń gbẹ́ ni wọ́n ń fi okùn fa erùpẹ̀ sókè nínú garawa. Lọ́jọ́ kẹfà, kànga náà ti jìn tó ìdúró ọkùnrin mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹwàá, ó ti jìn tó mẹ́rin, erùpẹ̀ tó ń jáde sì gbẹ ju ti òkè lọ. Àwọn tí ń gbẹ́ ẹ ń dín kù. Ọ̀kan ní ẹ̀yìn ń dun òun, èkejì ní òun fẹ́ lọ wo ìyá òun. Wọn kò sọ fún Sójà pé ó ti ṣì í. Wọn kàn ń lọ ni.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Àṣàbí gbé àwo àmàlà tí omi rẹ̀ kò tó síwájú ọkọ rẹ̀.

"Bàbá ọmọ mi," ló wí, "ilẹ̀ yẹn kò ní omi. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti Ìyá Àwẹ̀ró."

"Bí mo bá fi ibẹ̀ sílẹ̀ báyìí, kí ni wọ́n á máa pè mí?"

"Orúkọ yòówù kí wọ́n máa pè yín, ẹ ó máa mumi."

Ọ̀jẹ́wùmí bu òkèlè. Ó jẹun díẹ̀, ó ti àwo náà sí ọmọ rẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ kejìlá, kò sí ẹni tó fẹ́ wọ inú kànga mọ́. Láníhún, ọkùnrin kan tó máa ń fa garawa lókè, sọ fún Ọ̀jẹ́wùmí pé ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ti ń já lulẹ̀ wẹ́rẹ́-wẹ́rẹ́, òun kò sì fẹ́ràn bó ṣe ń dún. Ọ̀jẹ́wùmí ní kó di okùn mú. Òun nìkan ló sọ̀ kalẹ̀. Kò tíì ju dígà lẹ́ẹ̀mẹwàá tí ẹ̀gbẹ́ kan fi ya lulẹ̀.

Láníhún ké. Àwọn tó ti lọ padà wá. Òwúrọ̀ ni gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀, ọ̀sán ti pọ́n kí wọ́n tó yọ ọ́. Erùpẹ̀ bò ó dé abíyá, ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì ti kán lábẹ́ orúnkún. Nígbà tí wọ́n tẹ́ ẹ sí abẹ́ ọ̀gànwó, ẹnu rẹ̀ kún fún erùpẹ̀, ojú rẹ̀ kò ṣeé là. Wọ́n wá omi láti fi fọ̀ ọ́. Wọ́n wo ìkòkò ilé Baálẹ̀, ó ṣófo. Wọ́n wo ti agboolé yòókù, wọ́n ti da gbogbo wọn dé. Àṣàbí àti àwọn obìnrin tó lọ sí Ìrésà kò sì tíì dé.

Àwẹ̀ró ló dé. Kèrègbè kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi sì kún un dé ọrùn. Ó kúnlẹ̀, ó fi díẹ̀ yọ ẹnu rẹ̀, ó fi díẹ̀ fọ ojú rẹ̀, lẹ́yìn náà ló gbé e sí i lẹ́nu kó mu. Omi náà tutù. Ọ̀jẹ́wùmí mu ún títí tí ó fi dúró mí.

"Ìyá, níbo lẹ ti rí i?"

"Ẹsẹ̀ àpáta. Ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ tiyín ni mo bẹ̀rẹ̀ tèmi. Ọkọ́ ni mo fi ń gbẹ́ ẹ, kò sì yá. Kò tíì ju ìbàdí mi lọ. Àárọ̀ yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sun."

Baálẹ̀ wà nítòsí. "Kí ló dé tí o kò sọ fún wa?" ló bi í.

"Mo sọ fún yín, Bàbá," ni Àwẹ̀ró wí. "Ibí yìí náà ni mo ti sọ ọ́."

Baálẹ̀ tẹ orí ba.

Àwọn tó ń to egungun to ẹsẹ̀ Ọ̀jẹ́wùmí, wọ́n fi ọparun dì í. Lọ́jọ́ kẹta, Baálẹ̀ ní kí wọ́n fi ẹní gbé e wá sí ìpàdé. Ihò tí Àwẹ̀ró gbẹ́ kò lè tó abúlé, àwọn ọkùnrin ló máa fẹ̀ ẹ́, tí wọ́n á sì gbẹ́ ẹ wọlẹ̀ sí i. Gbogbo wọn mọ ibi tó yẹ kí wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti bá Sójà rẹ́rìn-ín kò fẹ́ jẹ́ ẹni tó máa kọ́kọ́ dìde, Baálẹ̀ sì mọ̀ pé Sójà nìkan ló lè gbé ẹsẹ̀ wọn nílẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi bi í níwájú wọn.

"Sójà, ibo ni ká gbẹ́?"

Ọ̀jẹ́wùmí ní kí wọ́n ràn òun lọ́wọ́ láti jókòó.

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ nǹkan kan, Bàbá. Èmi kọ́ ni mo pa béárì yẹn."

Wọ́n ń wò ó.

"A wọ abúlé kan ní Bọ́mà, àwọn ará ibẹ̀ ti sá fún ogun. Wọ́n fi ẹ̀wọ̀n irin so béárì yẹn mọ́ òpó, òrùka sì wà nímú rẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ẹnì kan ló ni ín, tó máa ń mú un jó kiri, tí olúwarẹ̀ náà sì sá lọ. Ó ti kú nígbà tí a dé. Kò sí ọgbẹ́ lára rẹ̀. Òùngbẹ ló pa á. Ó ti fi èékánná wú gbogbo ilẹ̀ yí òpó náà ká. Kòtò omi kan wà níbẹ̀, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ sí i, ẹ̀wọ̀n ni kò jẹ́ kó débẹ̀. Nígbà tí mo ń bó awọ rẹ̀, àwọn àkèré wẹ́wẹ́ ń ké nínú kòtò náà. Mo ń gbọ́ wọn. Wọn kò tó nǹkan, àmọ́ ara wọn dá, ẹran ńlá náà ló kú sílẹ̀ yẹn."

Àṣàbí ti dé ẹ̀yìn rẹ̀, ó dúró.

"Kí ló wá dé tí o fi ní ìwọ lo pa á?" ni Baálẹ̀ wí.

"Ẹ bi mí ta ló pa á, Bàbá. Ọdún mẹ́rin ni mo lò lọ́hùn-ún. Mo ru ẹrù, mo gbẹ́ kòtò, mo sin òkú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. N kò rí nǹkan mìíràn tí mo lè ní mo mú wálé."

Baálẹ̀ kò bá a wí. Ó kàn tún ìbéèrè rẹ̀ bi ni, ohùn rẹ̀ sì tutù ju ti àkọ́kọ́.

"Ibo ni ká gbẹ́, Ọ̀jẹ́wùmí?"

"Béárì ì báà tóbi bí ilé, Bàbá," ni Ọ̀jẹ́wùmí wí, "ọ̀dọ̀ àkèré la ó ti pọnmi."

Láníhún ló kọ́kọ́ mú dígà. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Òkúta ẹsẹ̀ àpáta náà le bí Ọ̀jẹ́wùmí ti wí, ó kán dígà méjì mọ́ wọn lọ́wọ́. Lọ́jọ́ karùn-ún ni omi ya sókè, tí ẹni tó wà nísàlẹ̀ sì ní kí wọ́n tètè fa òun jáde. Oṣù tuntun lé, kò sẹ́ni tó dìde kúrò lábúlé. Nínú agboolé mẹ́ta tó ti lọ, méjì padà wá.

Nígbà tí Ọ̀jẹ́wùmí lè fi ọ̀pá rìn, ó lọ sílé Àwẹ̀ró. Kò lè dọ̀bálẹ̀ dáadáa nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀, Àwẹ̀ró sì ní kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Ọ̀jẹ́wùmí ní òun mú awọ béárì náà wá fún un.

"Kí ni n ó fi ṣe?" ni Àwẹ̀ró bi í. "Ó máa mú ooru jù."

"Kí wá ni kí n ṣe fún yín, Ìyá?"

Àwẹ̀ró rò ó. "Sọ fún Baálẹ̀ kó ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa tíńrín lẹ́bàá kànga yẹn. Ó máa gbọ́ lẹ́nu rẹ."

Baálẹ̀ ṣòfin náà, títí di òní ni wọ́n sì ń pa á mọ́. Ọ̀jẹ́wùmí ń tiro títí ó fi darúgbó. Àyè rẹ̀ lọ́tùn-ún Baálẹ̀ kò kúrò, ṣùgbọ́n wọ́n fi àpótí ìjókòó kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún Àwẹ̀ró, èyí tí wọn kò ṣe fún obìnrin kankan rí níbẹ̀. Bí àwọn ọmọdé bá ní kó sọ bí ó ṣe pa béárì fún àwọn, yóò ní, "Òùngbẹ ló pa á," yóò sì rán wọn lọ pọnmi.

Ní Ìdí-Ọ̀gànwó, bí ẹnì kan bá fẹ́ fọmọ fọ́kọ nítorí orúkọ ńlá ìdílé tí kò mọ ìwà wọn, tàbí tí àwọn àgbà ń fojú di ọ̀rọ̀ ẹni kékeré tó mọ ohun tó ń sọ, wọn kì í bá a jà. Ẹnì kan á kàn sọ ọ́ jẹ́ẹ́, ẹni tí à ń bá wí á sì gbọ́ ọ yé: béárì ì báà tóbi bí ilé, ọ̀dọ̀ àkèré la ó ti pọnmi.